Ipò Kẹta Ṣì Ń Dúró Dè Ọ́

Ilé Kẹtàdínlógún,
Òpópónà Ìfẹ́dàpọ̀,
Baruwa, Ìpájà,
Ìpínlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2025.

Sìdíkátù, ọ̀rẹ́ mi tòótọ́, àǹtí mi pẹ̀lú ọjọ́ kan péré,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ilé ńkọ́? Ọkọ rẹ tí n kò tíì fojú kàn rí ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ìyá Yahya tó rí ọ lọ́jà sọ fún mi pé mẹ́ta ni wọ́n, àti pé àkọ́bí rẹ jọ ọ́ débi pé ojú rẹ̀ ni òun fi mọ̀ pé ìwọ ni ìyá rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún òun. Ẹ̀yìn rẹ tó máa ń dùn ọ́ nígbà tí a bá jókòó pẹ́ sídìí máṣíìnì, ṣé ó ti sàn? Ṣé òjò ń rọ̀ lọ́dọ̀ yín bó ṣe ń rọ̀ níbí? Ní Baruwa yìí, ọwọ́ ni a fi ń gbé bàtà jáde láàárọ̀, ó di ẹ̀gbẹ́ títì ọ̀dà kí ẹsẹ̀ tó wọ̀ ọ́. Èmi wà, Olúbọ̀dé ọkọ mi wà, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún wa sì ti wọ ilé-ìwé. A dúpẹ́ pé ẹ̀mí wà.

Mo mọ̀ pé ẹnu á yà ọ́ pé lẹ́tà ni mo kọ, ní ayé tí gbogbo èèyàn ń fi fóònù sọ̀rọ̀. Nọ́mbà tí o fi pè mí nígbà tí o kọ́kọ́ dé Àbíjàn, ọkùnrin kan tó ń sọ Faransé ló ń gbé e báyìí. Mo ti pè é títí ó fi sú u. Nígbà tí Ìyá Yahya, aládùúgbò wa tó máa ń lọ ra báàgì lọ́dọ̀ yín, wá sọ fún mi pé òun pàdé Sìdíkátù ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan lọ́jà níbẹ̀, tó ń béèrè bóyá Alhaja tó ń ránṣọ ní Ìkòtún ṣì wà láyé, igbe tí mo ké mú kí Olúbọ̀dé sáré jáde láti balùwẹ̀ tòun ti ọṣẹ lójú. Ìyá Yahya kò tiẹ̀ rántí gba nọ́mbà rẹ! Mo bínú sí i fún odidi ọjọ́ méjì. Òun náà ló máa mú lẹ́tà yìí wá, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé kó má padà láìgba nọ́mbà.

O béèrè Alhaja. Alhaja wà láyé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀, kí o wá ibi jókòó kí o tó máa kà á lọ.

Alhaja Àyìnkẹ́ ti pa ṣọ́ọ̀bù dé. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣọ́ọ̀bù wa ní Ìkòtún, ní orí òkè ilé alájà kan tí a ti ń wo gbogbo páàkì. Ojú ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Kò lè ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ mọ́, ó sì ń fi í pamọ́ fún wa, ó ń ṣe bí ẹni pé abẹ́rẹ́ ni kò dára. Ní oṣù Karùn-ún, Abdulganiyy ọmọ rẹ̀ wá kó o lọ sí ilé tó kọ́ sí Ayọ̀bọ̀. Àwa ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ la lọ palẹ̀ ibẹ̀ mọ́. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ta máṣíìnì rẹ fún àwọn tó ń ra irin àlòkù, èyí tó wà lójú fèrèsé tí pẹ́dà rẹ̀ máa ń dún, mo ní kò ṣeé ṣe. Ó wà ní ṣọ́ọ̀bù mi báyìí. N kò fi í ránṣọ. Mo gbé e sí apá ọ̀tún mi, níbi tí o máa ń wà, nígbà mìíràn mo sì máa ń yíjú síbẹ̀ láti fi ohun tí oníbàárà kan ṣe rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ, kí n tó rántí. Àárò rẹ ń sọ mí, Sìdí. N kò ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó, ó ń sọ mí gan-an.

Nígbà tí Alhaja lọ tán, àwọn oníbàárà kò mọ ibi tí wọn yóò gbà. Ganiyat tó jẹ́ àgbà gbogbo wa wá ní kí a ṣe ìkànnì kan sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí orúkọ Alhaja wà lókè, kí gbogbo àwa tí a kọ́ṣẹ́ parí tí a gba fíríìdọ́ọ̀mù lọ́wọ́ rẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀, kí ẹni tó wà ní Ìgàndò lè mọ télọ̀ tó sún mọ́ ọn, kí ẹni tó wà ní Ayọ̀bọ̀ náà mọ tirẹ̀. Gbogbo ojú bá yí sọ́dọ̀ mi. N kò tíì sọ fún ọ: lẹ́yìn ọdún Kòrónà tí ẹnikẹ́ni kò ránṣọ ayẹyẹ mọ́, mo lọ kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Ẹ̀gbẹ́dá. Mò ń ránṣọ láàárọ̀, mo sì ń ṣe ìkànnì fún àwọn èèyàn tó bá di ọ̀sán. Má rẹ́rìn-ín, mo mọ̀ ọ́n ṣe.

Bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyí. Gbogbo ojú ìwé tó wà lórí ìkànnì, inú àpótí kan ni wọ́n ń gbé, òun là ń pè ní détábéèsì. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀ níbẹ̀, bí ìgbà tí a bá fa ìlà sínú ìwé. Ojú ìwé tí àwọn mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀ là ń pè ní ìyá, àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni ọmọ. Lórí ìlà ọmọ kọ̀ọ̀kan, àyè kan wà tí a máa kọ ìyá rẹ̀ sí, àyè mìíràn wà fún nọ́mbà ipò rẹ̀ láàárín àwọn ọmọ ìyá rẹ̀. Ohun tí a bá kọ síbẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ń wò tó fi ń to orúkọ sí ẹ̀gbẹ́ kan fún ẹni tó bá wọlé. Alhaja ni ìyá. Àwa ni ọmọ. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ni mo pè é.

Mo kù gììrì, mo ní kí kọ̀ǹpútà fi a-b-d tò wá. Bí Adébùnmí ṣe bọ́ sókè nìyẹn, Adébùnmí tó gba fíríìdọ́ọ̀mù lọ́dún tó kọjá! Ganiyat bọ́ sí àárín. Gbogbo orí WhatsApp gbóná. Ni mo bá sáré tún un ṣe, mo ní kí ó fi ọjọ́ orí tò wá, kí àgbà wà lókè. Àgbà wo? Charity ló bọ́ sókè. O rántí Charity, ìyá Richard, tó gbé ọmọ pọ̀n wá kọ́ṣẹ́, tó fi ọdún mẹ́sàn-án jù wá lọ? Tí Alhaja ní dandan ni kó máa pe ìwọ àti èmi ní àǹtí, nítorí a ti mọ ojú ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kó tó dé? O máa ń fi ohùn àgbà rán an ní omi, lẹ́yìn náà wàá sá lọ sẹ́yìn kọ́tìnì lọ rẹ́rìn-ín pa ara rẹ. Charity fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ pè mí. Ó ní, "Ṣìkẹ́mi, abeg, yọ mí kúrò lókè yẹn o! Ṣé o fẹ́ kí wọ́n ní mo fẹ́ gba ipò lọ́wọ́ Àǹtí Ganiyat ni? Èmi tí mo bá gbogbo yín nílé? I no send you message o, jàre!"

Ohun tó dùn mí ni pé kò yẹ kí èmi ṣi irú èyí ṣe. Kọ̀ǹpútà kò mọ̀ pé ẹni tó kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù ni àgbà, ìbáà jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá. Ṣùgbọ́n èmi ńkọ́? O wọlé ní Mọ́ńdè, mo wọlé ní Túsìdeè. Nítorí ọjọ́ kan yẹn ni mo fi gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù títí Charity fi dé, tí ìwọ ń na ìgbálẹ̀ sí mi bí ẹni tó ń fún mi lẹ́bùn. Ta ló yẹ kó mọ bí a ṣe ń to ọmọ iṣẹ́ jù mí lọ?

Ni mo bá lọ sí Ayọ̀bọ̀ lọ tọrọ ìwé gígùn Alhaja, èyí tó máa ń kọ ọjọ́ tí ọmọ iṣẹ́ bá dé sí. Mo ń kà á lọ: Ganiyat ni àkọ́kọ́, Zikrullah ni ìkejì. Ìlà kẹta ni orúkọ rẹ, Sìdíkátù, Mọ́ńdè, ọjọ́ keje oṣù Kẹta, ọdún 2011. Wọ́n ti fi bírò pupa fa ìlà gba orí rẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀mejì. Ìlà kẹrin ni tèmi.

Mo gbé ìwé náà délé, mo fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní nọ́mbà. Nígbà tí ó kan ìkẹta, ọwọ́ mi kọ̀. Ẹni tí wọ́n ti pa orúkọ rẹ̀ rẹ́, tí kò sì gba fíríìdọ́ọ̀mù, ipò rẹ̀ ti ṣófo, kí n sún sókè ni. N kò lè sún. Mo fi ẹ̀kẹta sílẹ̀, mo kọ ẹ̀kẹrin fún ara mi. Kò sí ẹni tó lè rí àlàfo náà, nítorí kọ̀ǹpútà kì í béèrè nọ́mbà tó fò, ṣe ló máa to àwọn tó bá rí. Èmi nìkan ni mo mọ̀. Mo tún ṣe ojú ìwé kan fún ọ, mo kọ orúkọ rẹ sí i, ṣùgbọ́n n kò láyà láti kọ nǹkan kan sí àyè ìyá. Irú ojú ìwé bẹ́ẹ̀ wà nínú àpótí o, a kò nù ún, àmọ́ kì í hàn láàárín àwọn tó kù, ẹni tó bá wọ ìkànnì kò ní rí ọ̀nà tó lọ síbẹ̀. Mo máa ń ṣí i fún ara mi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí n kàn rí orúkọ rẹ.

Sìdí, ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Nígbà tí mo dá ìwé náà padà, mo ní kí Alhaja má bínú, pé mo rí orúkọ tí wọ́n fi bírò pa. Ó wá ní, "Léèsì ni. Léèsì lásán ni mo tìtorí rẹ̀ lé ọmọ ọlọ́mọ lọ."

Ṣé o rántí léèsì náà? Tí o gé apá aṣọ méjèèjì sí ọwọ́ òsì, tí Alhaja jù ú lù ọ́ lójú, tó ní ọwọ́ rẹ kò ní gba iṣẹ́ yìí láé? Ìyẹn jẹ́ Sátidé. Nígbà tó máa di Mọ́ńdè, a kò rí ọ mọ́, ó sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí a gba fíríìdọ́ọ̀mù. Ìwọ àti èmi mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ léèsì. O ti sọ fún mi ní odidi ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú pé àbúrò màmá rẹ ń mú ọ lọ sí Àbíjàn, o sì mú mi búra pé n kò ní sọ, torí o mọ̀ pé Alhaja kò ní jẹ́ kí o lọ. Ó bi mí lẹ́ẹ̀mẹta bóyá mo mọ ibi tí ọ̀rẹ́ mi wà. Mo wò ó lójú, mo ní n kò mọ̀. Mo pa àṣírí rẹ mọ́ débi pé mo gbàgbé pé irọ́ ni.

Ọdún mọ́kànlá! Ọdún mọ́kànlá ni obìnrin yẹn fi ń rò pé ọwọ́ òun ló lé ọ lọ. Ó ní láti ìgbà náà ni òun kò ti ju aṣọ lu ọmọ iṣẹ́ kankan mọ́. Adébùnmí máa ń sọ fún wa pé Alhaja kì í bínú, a sì máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé Alhaja tirẹ̀ kì í ṣe Alhaja tiwa. A kò mọ ohun tó pa á lẹ́nu mọ́.

Mo kúnlẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Kò pariwo. O mọ Alhaja: tó bá pariwo, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn, tó bá dákẹ́ ni kí èèyàn bẹ̀rù. Ó kàn ní kí n dìde kí n máa lọ sílé mi. Fún ọjọ́ mẹ́jọ, kò gbé ìpè mi. Mo ń pè é láàárọ̀, mo ń pè é lálẹ́. Olúbọ̀dé ní tó bá jẹ́ pé òun ni mo ṣẹ̀, ṣé ẹ̀bẹ̀ mi lè tó báyìí.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, tó jẹ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, mọ́tò Abdulganiyy dúró sí iwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Alhaja sọ̀ kalẹ̀, ó wọlé, kò dáhùn ìkíni mi, ó fọwọ́ wá máṣíìnì rẹ títí ó fi bá ìjókòó, ó jókòó. Ó tẹ pẹ́dà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó dún. Ó ní kí n gbé nǹkan tí mo ní mò ń ṣe wá kí òun rí i.

Mo ṣí ìkànnì náà sórí fóònù rẹ̀, mo fẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lójú. Ó ń fi ìka kà á: Ganiyat, Zikrullah, Olúwaṣìkẹ́mi. Ìka rẹ̀ dúró.

"Ṣé ìwọ ni ìkẹta ni?"

"Rárá mà. Ìkẹrin ni mí."

"Ìkẹta wá dà?"

Mo ṣàlàyé fún un pé orúkọ rẹ wà nínú àpótí, pé a kò tíì kọ ìyá fún un ni kò fi hàn. Ó wò mí tìyanu-tìyanu.

"Kò ní ìyá bí i ti báwo? Èmi ńkọ́?"

"Ẹ̀yin lẹ fi bírò pa á rẹ́, mà."

"Bírò ni mo fi pa á. Ṣé mo ní kì í ṣe èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́ ni? Kọ orúkọ mi síbẹ̀ jàre, kí n tó bínú sí ọ!"

Inú mi dùn pé ó pariwo. Mo kọ ọ́ síbẹ̀. Mo ní kí ó tún ìkànnì náà ṣí, o sì jáde, Sìdí, láàárín Zikrullah àti èmi, èmi sì sún wálẹ̀. N kò tíì gba ìrẹ̀sílẹ̀ tó dùn mọ́ mi bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Ojú mi ń ṣomi, ó ní kí n nu ojú mi, pé òun kò tíì dárí jì mí tán.

Àwọn kan fẹ́ ráhùn lórí WhatsApp pé ẹni tí kò gba fíríìdọ́ọ̀mù kò yẹ lórí ìkànnì. Alhaja fi ohùn ránṣẹ́ sí wọn, gbólóhùn kan péré: "Ta ló ni ṣọ́ọ̀bù?"

Ṣùgbọ́n má rò pé ó ti fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ìwé-ẹ̀rí rẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti kọ orúkọ rẹ sí i pẹ̀lú tiwa lọ́dún náà, kò ya á. Sísọ́ọ̀sì fíríìdọ́ọ̀mù rẹ náà wà níbẹ̀, nínú páálí rẹ̀. Ó ní òun kò ní fi rán ẹnikẹ́ni sí ọ, pé a kì í fi fíríìdọ́ọ̀mù ránṣẹ́, ẹni tó ni ín ló ń kúnlẹ̀ gbà á. Ó tún ní kí n sọ fún ọ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó kù, ó ṣì kù. Wàá ṣe é. Kò sí ṣọ́ọ̀bù mọ́, kò sì lè rí ojú abẹ́rẹ́, àmọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rẹ̀ kò yẹ̀.

Bá mi kí ọkọ rẹ. Bá mi kí àwọn ọmọ, kí o sọ fún wọn pé wọ́n ní àǹtí kan ní Baruwa tó ti gé aṣọ wọn sílẹ̀ láìmọ ìwọ̀n wọn. Ganiyat kí ọ. Zikrullah kí ọ. Charity ní kí n kí "Àǹtí Sìdí", pé omi tí o rán òun ṣì wà lórí òun. Olúbọ̀dé náà kí ọ, ó ní òun mọ̀ ọ́ láìrí ọ, nítorí kò sí oúnjẹ tí mo sè tí n kì í sọ bí ìwọ ṣe ń sè é.

Ohun kan ló kù. Ojú ìwé gbogbo wa ní àwòrán, ó ní àdírẹ́sì, ó ní aṣọ tí a rán. Tìrẹ kò ní nǹkan kan, orúkọ nìkan ni. Lánàá, mo lọ wo ibi tí kọ̀ǹpútà máa ń kọ iye ìgbà tí wọ́n ṣí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan sí. Mo rò pé ti Ganiyat ni yóò pọ̀ jù. Tìrẹ ni. Láàárín ọjọ́ mẹ́rìndínlógún, wọ́n ti ṣí i nígbà mẹ́tàlélógójì. Mo kọ́kọ́ rò pé àwọn oníbàárà ni. Nígbà tí mo wò ó dáadáa, fóònù kan ṣoṣo ni, láti Ayọ̀bọ̀, ní àárọ̀ kùtù lẹ́yìn ìrun Àsùbáà lọ́pọ̀ ìgbà. Kò sọ fún mi, èmi náà kò sì bi í.

Jọ̀ọ́, Sìdí, kí o tó lè wá, fi àwòrán rẹ kan rán Ìyá Yahya, kí o kọ ìlà kan péré sẹ́yìn rẹ̀. Kí Alhaja bá nǹkan níbẹ̀ nígbà tó bá tún ṣí i.

Èmi ni ìkẹrin, tí kò ní sún sókè láé,

Olúwaṣìkẹ́mi.